Ẹ Máa Wọn Ìfúnpá àti Ìlù Ọkàn Wa ní Ìdúró Pẹ̀lú

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ kú akitiyan. Láti Kétu, ní Benin, ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Àbúrò mi tó ń ṣòwò ní Ìdìrókò ló máa ń ra ìwé ìròyìn yín bọ̀ fún wa. Bí a bá ti kà á tán nílé, àwọn ọmọṣẹ́ mi á gbà á, wọn á máa kà á síra wọn létí nídìí ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé jáde nípa iyọ̀ ni mo fẹ́ fèsì sí. Ẹ ní kí a dín iyọ̀ kù, pé Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ tó 5 gíráàmù. Òótọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló rọ bàbá mi lápá ọ̀tún, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu iyọ̀ kún ọbẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wa tó jẹ́ pé dókítà ló ní kí a máa jẹ iyọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá kọ oògùn fúnni. Èmi náà wà lára wọn, nítorí àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní POTS (postural orthostatic tachycardia syndrome), èyí tó ń mú kí ọkàn sáré jù bí ènìyàn bá dìde dúró. Nígbà tí wọ́n ka ohun tí ẹ kọ sí ìyá ọkọ mi létí, wọ́n gbé ìkòkò iyọ̀ kúrò ní ilé ìdáná mi, wọ́n lọ gbé e pamọ́ sí yàrá wọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, mo mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ má bínú, mi ò kọ̀wé láti dá yín lẹ́bi. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ẹ bá wa sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí pé bí ẹnì kan bá ń ṣubú, tàbí tó ń sọ pé òòyì ń kọ́ òun ní gbogbo ìgbà tí òun bá dìde, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tẹ òpó rẹ̀ tó, kí wọ́n sì ka ìlù ọkàn rẹ̀, ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró. Ọdún méjì ni mo fi ń ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn, orí ìjókòó ni gbogbo wọn ti ń wọ̀n mí.

Ibà kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2021. Ó dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ibà lọ, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orí ìdúró la ti ń gé aṣọ. Màá tẹ́ àǹkàrá sórí tábìlì, màá fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà, màá mú àlùmọ́gàjí. Kí n tó gé apá kan dé ìdajì, àyà mi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, àfi bíi pé mo sáré láti inú ọjà wá. Ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Ilà ṣọ́ọ̀kì á di méjì lójú mi, etí mi á máa hó, ojú mi á wá máa ṣú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, bí ìgbà tí wọ́n ń ti fèrèsé díẹ̀díẹ̀. Bí mi ò bá tètè jókòó, ilẹ̀ ni wọ́n á ti gbé mi. Ẹsẹ̀ mi á wúwo bí òkúta. Èmi dúdú, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ó tètè hàn lára mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò nígbà náà á rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dúró síbẹ̀, ó ti pọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ.

Bí mo bá wá dùbúlẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi lọ. Ohun tó fa ọ̀rọ̀ sí mi lára nìyẹn. Wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì ò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ ò rí i pé bó bá ti sùn, ara rẹ̀ á yá?”

Nǹkan kan wà tó ya èmi fúnra mi lẹ́nu, tí mi ò rí ẹni bá mi túmọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀, mo lè ránṣọ fún wákàtí mẹ́ta láìsí wàhálà. Mo wá yáwó, mo ra ẹ̀rọ oníná kí iṣẹ́ lè máa yára. Nídìí èyí, ẹsẹ̀ mi kan wà nílẹ̀ lásán ni. Kí wákàtí kan tó pé, orí mi á ti máa fò lọ. Mo tà á. Ọkọ mi ò bá mi jà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó dùn wọ́n.

Kò sí ibi tí mi ò dé. Wọ́n tọ́jú ibà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ mi pé. Nọ́ọ̀sì kan wọ̀n mí, ó ní 110 lórí 70 ni, ó ní, “Ìyá, ìfúnpá yín dára ju tèmi lọ.” Dókítà kan ní ìrònú ló ń dà mí láàmú, ó kọ oògùn oorun fún mi. Nínú ilé àdúrà kan, wọ́n ní kí n dúró, kí n má mira, kí wọ́n fi gbàdúrà lé mi lórí. Mo dúró. Ọ̀sán gangan ni, ooru mú, èrò pọ̀. Ogún ìṣẹ́jú kò tíì pé tí mo fi lọ sílẹ̀ gbì. Wọ́n ní ẹ̀mí náà ti jáde. Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò sì fi ọ̀rọ̀ àdúrà ṣeré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àìsàn yìí tí wọ́n ní kó dúró gbọnrangandan nínú ooru, ó lè ṣubú, kì í ṣe ẹ̀mí kankan ló ń gbé e ṣubú.

Ní 2023, àbúrò mi ní ó tó. A gba ọ̀nà Pobẹ̀, a gba Sakété, a kọjá ní Àjàṣẹ́, a dé Kútọnu. Dókítà obìnrin kan ló gbà wá, ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju tèmi lọ. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí n má sọ̀rọ̀. Ó kà á, ọkàn mi lù nígbà 70 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá mi jẹ́ 112 lórí 72. Ó ní kí n dìde, kí n má fara ti ohunkóhun, kí n má ṣe máa ta ẹsẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kìíní ìlù ọkàn mi di 96. Ní ìṣẹ́jú kẹta, 104. Ní ìkarùn-ún, 109. Àbúrò mi ti ń dìde láti wá gbá mi mú, dókítà ní kó fara balẹ̀, ọwọ́ òun wà ní ẹ̀yìn mi. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, ó ti di 116. Ìfúnpá mi? 114 lórí 78.

Ó ní kí n tún dùbúlẹ̀. Ó ní, “Ẹ wò ó, ìfúnpá yín ò já wálẹ̀ rárá, ìyẹn ni wọn ò fi rí i. Ọkàn yín ló ń sáré tantan kí ó má baà já.”

Ẹkún bọ́ lójú mi, mi ò lè purọ́. Ọdún méjì tí wọ́n ti ń pè mí ní ọ̀lẹ, ẹnì kan wá fi nọ́ńbà hàn mí.

POTS ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá dìde láti orí ìdùbúlẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú 10, ìlù ọkàn rẹ̀ á fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sókè, á sì dúró síbẹ̀. Fún ọmọ ọdún 12 sí 19, ó gbọ́dọ̀ tó 40, nítorí ọkàn ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le pàápàá máa ń yára ju ti àgbà lọ bó bá dìde. Ìfúnpá kò ní já púpọ̀. Nọ́ńbà òkè kò gbọ́dọ̀ fi 20 wálẹ̀, ti ìsàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi 10 wálẹ̀, nítorí bó bá já bẹ́ẹ̀, àìsàn mìíràn nìyẹn. Ó sì gbọ́dọ̀ ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń ṣe ènìyàn.

Bí ó ṣe là á yé mi ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, nítorí gbogbo ẹni tí mo ti ṣe é hàn ló yé. Omi inú ọ̀rá wà lórí tábìlì rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà lójú pópó. Ó ti mu ún dé ìdajì. Ó di ẹnu rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, omi náà sì tẹ́ kárí. Ó wá mú un ní ẹnu, ó gbé e dúró. Gbogbo omi ya lọ sí ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú, òkè rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra pẹ́lẹ́bẹ́. Ó ní orí mi nìyẹn, ó ń nawọ́ sí òkè tó lẹ̀ mọ́ra náà. Ó wá fi ọwọ́ kejì fún ìsàlẹ̀ ọ̀rá náà, omi bá gòkè. Ó ní, “Ọwọ́ mi tó fún un yìí, òun ni iṣẹ́ àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ara, tí Ọlọ́run fi sínú wa, tí kì í dúró gba àṣẹ wa.”

Àwọn iṣan adáṣiṣẹ́ ni mo ń pè wọ́n láti ọjọ́ náà. Àwọn ló ń mú kí a làágùn, kí oúnjẹ dà nínú wa, kí ọkàn máa lù nígbà tí a bá sùn lọ. Ìhà méjì ni wọ́n pín sí. Ìhà kan ń ta ara jí, ó ń mú ọkàn sáré, ó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ìhà kejì ń fa ìjánu ọkàn, ó ń mú kí ara balẹ̀. Bí a bá dìde, ẹ̀jẹ̀ tó tó ìdajì lítà máa ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ àti ikùn, òmíràn máa ń sún mọ́ lítà kan. Nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lọ́rùn àti èyí tó jáde lókè ọkàn, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà tó ń mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tẹ òpó náà tó. Bí ó bá dín kù, wọ́n á ránṣẹ́ sí ìdí ọpọlọ. Ìdí ọpọlọ á tú ìjánu, á ní kí òpó ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ fún pọ̀, kí ọkàn sì yára díẹ̀. Lára ẹni tó dá ṣáká, ọkàn lè fi 10 sí 20 sókè, ó parí. Ó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹni náà tó gbé ẹsẹ̀ kejì.

Lára tiwa, ọwọ́ tó yẹ kó fún ọ̀rá náà ni kò fún un dáadáa. Ọkàn nìkan ló wá kù tó ń ṣiṣẹ́ méjèèjì. Gbogbo wa kọ́ ló sì rí bákan náà. Lára àwọn kan, iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀ ló ti bàjẹ́. Lára àwọn mìíràn, ẹ̀jẹ̀ àti omi inú ara ni kò pọ̀ tó. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé oje tó ń ta ọkàn jí ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn bí wọ́n bá ti dìde. Ó lè tẹ̀ lé ibà tàbí àrùn bíi kòrónà, ó lè tẹ̀ lé oyún tàbí iṣẹ́ abẹ. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wa, láti ìgbà ọ̀dọ́ títí dé bí àádọ́ta ọdún.

Kì í ṣe àìsàn tuntun o. Ní 1871, dókítà kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Jacob Da Costa kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ogun tó tọ́jú nígbà ogun abẹ́lé wọn. Àyà wọn ń lù kì-kì-kì, òòyì ń kọ́ wọn, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, èyí tó pọ̀ nínú ohun tó kọ sì bá ti àwa jọ. Ní 1993 ni Ronald Schondorf àti Phillip Low tó jẹ́ ti Mayo Clinic, ilé ìwòsàn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, lo orúkọ tí a ń pè é lónìí. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé bí wọ́n bá lè pe ọkùnrin ológun ní ojo nítorí àìsàn yìí, ẹ ronú ohun tí wọ́n máa pe obìnrin aránṣọ.

Dókítà kò fi POTS ṣe ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ. Ó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, bóyá ó dín kù. Ó bi mí bóyá mo lóyún. Ó yẹ ẹṣẹ́ inú ọrùn tó máa ń di gẹ̀gẹ̀ wò, nítorí òun náà lè mú ọkàn sáré. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n ya bí ọkàn ṣe ń lù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má kà á nínú ìwé ìròyìn kó wá sọ pé òun ní in. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ló wọ́pọ̀ jù ládùúgbò wa.

Iyọ̀ tó ní kí n máa jẹ wá jẹ́ 10 gíráàmù lójúmọ́, àti ti inú oúnjẹ pẹ̀lú, ó sún mọ́ ṣíbí tíì méjì. Omi lítà méjì àbọ̀. Iyọ̀ ló ń mú kí omi náà dúró nínú ẹ̀jẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá kàn tọ̀ ọ́ dànù ni. Àárọ̀, kí n tó kúrò lórí ẹní, mo ti mu ife omi ńlá méjì. Ó ní kí n yé jẹun ní àjẹyó lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹ̀jẹ̀ máa ń ya lọ síkùn lẹ́yìn oúnjẹ. Ó fún mi ní propranolol, oògùn tó ń dín eré ọkàn kù, níwọ̀n kékeré, mo ṣì ń lò ó. Mo tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn kíndìnrín tàbí ti ọkàn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iyọ̀ báyìí. Lọ́wọ́ dókítà tó ti wọ̀n mí ni mo ti gbà á.

Ó tún ní kí n wá ìbọ̀sẹ̀ tó máa ń fún ẹsẹ̀, èyí tó gùn dé ìbàdí, àti ohun tí wọ́n fi ń di ikùn. Mo béèrè iye tí wọ́n ń tà á, mo dákẹ́. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú ọ̀já tí wọ́n fi pọ̀n mí jáde, aṣọ òkè ni, ó ti gbó, ṣùgbọ́n kò já. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀. Wọ́n gbà á mọ́ mi níkùn láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, bí ìgbà tí wọ́n ń gbàjá fún abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n fà á, wọ́n so ó. Mo dìde. Mo dúró nídìí tábìlì, mo gé bùbá kan tán láìjókòó. Ìyá mi kàn ń wò mí ni, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo sọ fún dókítà, ó ní ikùn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ máa ń sá sí, pé ohun tí ìyá mi ṣe gan-an lòun ní lọ́kàn. Mo ti rán tèmi báyìí, mo fi rọ́bà sí i, mo sì ti rán fún ẹni méjì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ náà, ó ní ẹran ẹ̀yìn ojúgun tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè ní gbogbo ìgbà tí ó bá sún kì. Ní òkè òkun, orí ìjókòó tàbí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ mú àwa aláìsàn yìí ṣe eré ìdárayá, wọ́n á máa tẹ kẹ̀kẹ́ tàbí kí wọ́n máa fà bí ẹni ń tukọ̀, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ní èmi ti ń ṣe tèmi láìmọ̀.

Mi ò tíì gbádùn tán. Ní ọjọ́ tí ooru bá mú, àti ní ọjọ́ tí mo bá ń ṣe nǹkan oṣù, mo máa ń jókòó gé aṣọ. Ṣùgbọ́n mo ń ṣiṣẹ́. Lóṣooṣù, àwọn ìbejì mi máa ń wọ̀n mí: Táíwò á di aago mú, Kẹ́hìndé á fi ìka sí ọrùn ọwọ́ mi, á máa kà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n. Bí wọ́n bá lè ṣe é, nọ́ọ̀sì lè ṣe é. Kò gba ju ẹní kan, aago kan àti ìṣẹ́jú 20 lọ.

Ọ̀rọ̀ iléèwé ló mú kí n kọ̀wé yìí kíákíá. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òwúrọ̀ Mọ́ńdè ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tò sójú oòrùn láti fa àsíá sókè. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan wà ládùúgbò wa tó máa ń ṣubú níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan ní ó ń díbọ́n ni, kó lè jókòó sábẹ́ igi. Wọ́n ní kó dúró sí iwájú, kí wọ́n lè máa rí i. Ní oṣù tó kọjá, ó fi àgbọ̀n gbá sìmẹ́ǹtì, eyín rẹ̀ kan yẹ̀.

Mo ní kí ìyá rẹ̀ mú un wá. Mo tẹ́ ẹní fún un láàárín ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọṣẹ́ mi pa ẹ̀rọ wọn. Ní ìdùbúlẹ̀, ìlù ọkàn rẹ̀ jẹ́ 76. Ní ìdúró, ní ìṣẹ́jú kẹjọ, 124, ó sì ti ń wá ògiri. Mo ní kó jókòó kíákíá. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sọ fún wọn pé POTS ni. Mo kọ àwọn nọ́ńbà náà sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà, mo ya ojú ewé náà fún ìyá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pọ́n ọn, ó tì í bọ inú ìró.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni wọ́n máa rí dókítà. Bí ẹ bá lè tẹ lẹ́tà yìí kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Màá gé e fún ìyá rẹ̀, kó mú un dání pẹ̀lú ojú ewé yẹn, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé orí ìjókòó ni wọ́n tún máa ti wọn ọmọ náà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, aránṣọ,
Kétu.